Ta Ló Ń Wọlé, Ta Ló Dúró Síta?

Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnì kan dábàá pé ká má gba àwọn ọmọ JSS mọ́ sínú ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ọjọ́ Jímọ̀ la ó dìbò lé e. Kó tó dìgbà náà, mo ní kí n ṣàlàyé bí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ṣe ń ṣí àti bó ṣe ń tì.

Ẹgbẹ́ kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín Yorùbá. Ní Ìrèé níbí, ta ni kò rí i rí kí màmá rẹ̀ yọ aṣọ ẹgbẹ́ nínú àpótí nígbà tí ìnáwó bá dé? Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ díẹ̀: ó ní ilé tirẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò sì lè dédé wọ ibẹ̀.

Ìlú London ni irú rẹ̀ ti gbilẹ̀. White's bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1693, gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń mu ṣokoléètì gbígbóná. Kí ènìyàn tó wọ irú kílọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn á sì kín in lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń dìbò ní bòńkẹ́lẹ́: bọ́ọ̀lù kékeré funfun ni "bẹ́ẹ̀ ni", dúdú ni "rárá". Níbòmíràn, dúdú kan ṣoṣo ti tó láti dá ènìyàn padà, kò sì ní mọ ẹni tó jù ú síbẹ̀!

Àwọn òyìnbó gbé àṣà yìí wá sí Èkó. 1938 ni wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀. European Club ló ń jẹ́ nígbà náà. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ ẹni tí wọn ò pè. Dúdú ì báà jẹ́ lọ́yà, ì báà jẹ́ dókítà, ìta ló wà.

Kí ni àwọn bàbá wa ṣe? Wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Yoruba Tennis Club ti wà láti 1926. Ní 1943, Island Club dé, níbi tí dúdú àti òyìnbó ti lè jókòó pọ̀. Lọ́yà Sir Adeyemo Alakija wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀.

Ní 1947, wàhálà ṣẹlẹ̀. Bristol Hotel ní Èkó kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó pariwo rẹ̀ títí ìjọba fi ní kí ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dópin níbi tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe lágbára? Nígbà tó yá, Ikoyi Club náà ṣílẹ̀kùn fún ọmọ Nàìjíríà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Àwọn tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ náà kọ́ ilẹ̀kùn tiwọn. Orúkọ Yoruba Tennis Club náà sọ ẹni tó ń pè. Ní Island Club, ta ni yóò dárúkọ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì?

Mi ò sọ pé ìlànà kò dára o. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìlànà, ọjà ni. Ṣùgbọ́n ìlànà tó dáa ni èyí tí ènìyàn lè sapá kó sì kájú ẹ̀: kọ ìròyìn kan, má pa ìpàdé jẹ. Ọjọ́ orí kì í ṣe ohun téèyàn lè sapá lé lórí.

JSS1 ni mo wà nígbà tí wọ́n gbà mí. Ìròyìn mi àkọ́kọ́ dá lórí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Àwa ọmọ kékeré là ń pọnmi, àwa la kọ́kọ́ mọ̀. Ká ní ilẹ̀kùn ti tì, ta ni ì bá kọ ọ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, "rárá" ni èmi yóò dì. Ẹ̀yin ńkọ́?