Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìlera: Ohun Tí Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Di Ọ̀gá Ológun Kò Gbọdọ̀ Fi Pamọ́

Ní àdúgbò Durumi, tó wà nítòsí Area 1 ní ìlú Àbújá, kì í ṣe ohun àjèjì láti rí ọ̀dọ́ tó di fáìlì mú lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà gba fọ́ọ̀mù. Èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ẹ̀rí ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ohun tí kì í sábà sí níbẹ̀ ni ìwé tó ń sọ ìtàn ìlera ẹni náà. Fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, àìsí ìwé yìí, tàbí fífi í pamọ́, lè di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè.

Ọdún 1964 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NDA, sílẹ̀ ní ìlú Kàdúná. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ ní láti ṣe ìdánwò JAMB, kí ó ṣe ìdánwò ti NDA fúnra rẹ̀, kí ó tó wá fara hàn níwájú ìgbìmọ̀ tí ń yan àwọn tí yóò wọlé. Àwọn tó ti gboyè jáde ní yunifásítì náà ní ọ̀nà tiwọn láti di ọ̀gá ológun. Ọ̀nà yòówù kí ènìyàn gbà, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ṣáṣá, ọpọlọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé pérépéré. Àwọn dókítà ológun ni wọ́n sì máa ń fi àyẹ̀wò tiwọn jẹ́rìí sí i.

Ìbẹ̀rù àyẹ̀wò yìí ló ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ohun tó ti ṣe wọ́n rí pamọ́. Ẹlòmíràn ti ní ikọ́ fée láti kékeré, warápá ti gbé ẹlòmíràn rí, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹlòmíràn. Ó rò pé bí òun kò bá sọ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lóòótọ́, àyẹ̀wò ọjọ́ kan lè má rí àìsàn tó sùn sínú ara. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ológun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Eré sísá lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn, ẹrù wúwo lẹ́yìn àti àìsùn lóru lè jí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ dìde níbi tí ilé ìwòsàn kò sí nítòsí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé àwọn ọmọ Nàìjíríà dáadáa. Gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ní ọdún 2006, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè yìí ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹlẹ́jẹ̀ AS yàtọ̀ sí ẹlẹ́jẹ̀ SS tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ara ẹlẹ́jẹ̀ AS sábà máa ń le koko. Síbẹ̀, bí ó bá ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó nínú ooru, tí omi ara rẹ̀ sì gbẹ, iṣan ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí èyí sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú. Títí di ọdún 1981, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfurufú wọn kì í gba ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó bá ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ìgbà tí wọ́n pè wọ́n lẹ́jọ́ ni wọ́n yí òfin náà padà. Ní ọdún 1987, ìwádìí kan lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ológun láàárín ọdún 1977 sí 1981 fi hàn pé ikú òjijì tí wọn kò rí ìdí rẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ẹlẹ́jẹ̀ AS ju ti àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn tó jáde ní ọdún 2016, lórí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 48,000, rí i pé ikú kò pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu ìbàjẹ́ iṣan ṣì fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù. Láàárín ìgbà méjèèjì, iṣẹ́ ológun ti kọ́ láti máa fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní omi tó tó, ìsinmi, àti iṣẹ́ tó ń le díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé òótọ́ tí dókítà bá mọ̀ ni ó lè fi dáàbò bo ènìyàn. Ẹni tó bá ra èsì àyẹ̀wò AA lọ́wọ́ ayédèrú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ààbò yẹn kúrò.

Òfin náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ nínú abala 26 pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìlera aláìsàn. A kò gbọdọ̀ tú u síta láìsí ìfọwọ́sí rẹ̀ nínú ìwé, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin là kalẹ̀, bí àṣẹ ilé ẹjọ́. Abala 29 sọ pé ẹni tó bá fi èrú kún àkọsílẹ̀ ìlera, tó yọ nínú rẹ̀ tàbí tó yí i padà lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, tàbí kí ó san ₦250,000, tàbí méjèèjì. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tó nílò ààbò àrà ọ̀tọ̀.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe pé wọ́n fi ìwé pamọ́, ìwé náà ni kò sí. Láti ọdún 2014 ni àwọn ìdílé tí ogun Boko Haram lé kúrò ní Gwoza àti àwọn ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Borno ti wá forí pamọ́ sí Durumi. Ẹni tó ń sá àsálà kì í rántí káàdì ilé ìwòsàn. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ hùmọ̀ ìtàn ìlera. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó sọ ohun tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ rántí, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò tuntun. Jẹ́nótáìpù tí a bí ènìyàn mọ́ kì í yí padà. Àpá iṣẹ́ abẹ náà ṣì wà lára fún dókítà láti rí.

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde ni ó yẹ kí olùbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Kí ó kọ ìwé sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ti gba ìtọ́jú, kí ó sì béèrè fún àkópọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lù dókítà. Bí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, kí òbí bá a lọ. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn náà ni kí ó tún un ṣe. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Kí ó ṣe ẹ̀dà mélòó kan, kí ó tọ́jú ojúlówó sílé, kí ó má sì ṣe fi í lé alágbàtà kankan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè níwájú dókítà ológun, kí ẹnu rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ sọ ohun kan náà.

Ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ náà ná ọ̀dọ́ kan ní àyè rẹ̀ ní Kàdúná. Èyí dunni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò gbà lónìí ṣì lè sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, nígbà tí ẹni tó kú sórí pápá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní àǹfààní kejì.