Fẹng Ṣui: Ọgbọ́n Afẹ́fẹ́ àti Omi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé dígí ara ògiri ni fẹng ṣui ilẹ̀ Ṣáínà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Yíyan ilẹ̀ fún ibojì àti ilé sì ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà àtijọ́. Wọ́n gbà pé èémí kan ń rìn nínú ilẹ̀, tí ìjì ń fọ́n ká, tí omi sì ń dá dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá ilẹ̀ tí òkè dáàbò bò ní àríwá, tí omi sì wà ní gúúsù rẹ̀. Àwa wòye pé láti àríwá ni afẹ́fẹ́ òtútù ti ń fẹ́ wá níbẹ̀, láti gúúsù sì ni oòrùn ti ń tàn wọlé. Bí a kò tilẹ̀ gba ti èémí náà gbọ́, ọgbọ́n ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó ra dígí oríire, tí ó sì kọ́lé sójú àgbàrá, ẹ̀kọ́ náà kò tíì yé e.