Síǹkì Tó Ń Gba Ikú Irin Kú

Ní Apapa, ojú irin ń rí màbo. Láti àwọn ọdún 1920 tí wọ́n ti kọ́ èbúté síbẹ̀, tí ti Tin Can Island sì tẹ̀lé e ní 1977, etí omi ni kéréènì, kọ̀ǹténà àti ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró ń gbé. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkun fẹ́ wá ń gbé iyọ̀ dání, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró ní géètì èbúté. Ó ń sọdá sí Ajegunle, ó ń bà lé páànù, férémù wíńdò àti bóòtù dáńfó.

Òótọ́ ni pé omi àti afẹ́fẹ́ nìkan tó láti mú irin dípẹtà. Ẹ wo páànù Ìbàdàn bó ṣe pupa, Ìbàdàn kò sì sún mọ́ òkun. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná rí ọ̀nà gba inú omi kọjá, iṣẹ́ iná kékeré sì ni ìpẹtà.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Stanislas Sorel, gba ìwé àṣẹ ní 1837 lórí bí wọ́n ṣe ń rì irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Síǹkì yìí yàtọ̀ sí ọ̀dà. Ibi tí ọ̀dà bá ti bó ni ìpẹtà ń gbà wọlé, a sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Ṣùgbọ́n bí irin tí síǹkì bò bá ha, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò kọ́kọ́ máa jẹ. Ó ń gba ikú irin kú.

Síǹkì wá ju síǹkì lọ. Bóòtù tó ń dán yanran ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n rì bọ síǹkì gbígbóná. Inú omi kẹ́míkà ni wọ́n kó o sí, tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ síǹkì mọ́ ọn lára. Ó tẹ́jú, nọ́ọ̀tì sì ń wọ̀ ọ́ geere, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ẹgbẹ̀rún, 5 sí 25 nínú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 70.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ń po níkẹ́ẹ̀lì mọ́ síǹkì, ìdá 12 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àdàlú yìí ṣì ń kú nítorí irin, àmọ́ kì í tètè kú. Nígbà tí wọ́n bá ń fi omi iyọ̀ dán an wò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń béèrè pé kó lo wákàtí 720 kí ìpẹtà pupa tó yọ. Irú rẹ̀ wà lára bíréèkì ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀. Mẹkáníìkì tó bá yọ bóòtù bẹ́ẹ̀ dànù, tó fi olówó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, ti ba iṣẹ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà jẹ́.

Ọ̀ràn wẹ́dà tún wà níbẹ̀. Síǹkì a máa hó ní ìwọ̀n 907 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná tí wọ́n fi ń jó irin sì gbóná jù ú lọ fíìfíì. Èéfín funfun tó ń rú nígbà náà, síǹkì tó jóná ni. Ẹni tó bá fà á símú púpọ̀ lè gbọ̀n jìnnìjìnnì lálẹ́ bí ẹni tí ibà mú. Ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ ti wà ní ìhòòhò nìyẹn, ibẹ̀ náà ni géètì sì ti máa ń kọ́kọ́ pupa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe géètì tàbí òpó táǹkì ní Ajegunle, ẹ má san owó tán fún wẹ́dà títí yóò fi ha ojú ibi tó jó, tí yóò sì fi ọ̀dà tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ kùn ún.