Ẹ̀rọ eré alágbèéká Shield, Nvidia, 2013

Android ló ń darí rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 5. Àwọn eré ńláńlá kò sí nínú rẹ̀: kọ̀ǹpútà tó ní káàdì GeForce ló ń ṣe iṣẹ́ líle náà, tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ gba Wi-Fi. Bọ́tìnnì tí ẹni tó ń ṣeré bá tẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kíákíá, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọ̀tá á ti yìnbọn.

Ohun tó yẹ kí ará Lẹ́kí àti Ajah mọ̀ jù nìyí: bí ẹ̀rọ méjèèjì bá wà nínú ilé kan náà, àwòrán náà kì í jẹ dátà. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun MainOne já nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ará Èkó dákẹ́. Irú ìjá bẹ́ẹ̀ kò kan eré inú ilé. Iná ló kàn án. Shield ní bátìrì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní.

Nvidia dá GameStream, ètò tó ń fi àwòrán náà ránṣẹ́, dúró ní 2023. Moonlight àti Sunshine, ètò ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ló gba iṣẹ́ náà ṣe, kódà lórí fóònù Android. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà tó lágbára nílé, ẹ dán an wò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn.