Òótọ́ àbí irọ́? Irin tí màlúù kò ní fọ́

Ẹni tó bá ti gba Kárà kọjá, lẹ́bàá odò Ògùn, lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, á ti rí bí wọ́n ṣe ń fi okùn so màlúù mọ́ igi. Ìyẹn tó fún ẹran tí wọ́n fẹ́ tà lónìí. Ọgbà tó máa dúró fún ọdún mẹ́wàá ńkọ́? Lọ́jọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni àwọn gómìnà Gúúsù pàdé ní Asaba, tí wọ́n ní kí dídaran kiri ní gbangba dópin. Kí ọdún náà tó parí, Èkó, Ògùn àti Oǹdó ti sọ ọ́ dòfin. Látìgbà náà ni ọlọ́sìn ti ń wá wẹ́dà tí yóò fi irin ṣe ọgbà fún ẹran wọn, tí oníkálukú sì di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí irin. Ẹ jẹ́ ká yẹ díẹ̀ wò nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

"Irin tí inú rẹ̀ kún le ju páìpù lọ."

Irọ́ ni, bó bá jẹ́ iye kílò kan náà lẹ ń sanwó rẹ̀. Ẹ mú páìpù róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ láti òde sí òde jẹ́ 50 mìlímítà, tí ara rẹ̀ sì nípọn ní 3 mìlímítà. Mítà kan rẹ̀ wọ̀n tó kílò mẹ́ta àbọ̀. Ká ní wọ́n rọ irin yẹn gan-an di ọ̀pá tí inú rẹ̀ kún, kò ní nípọn ju 24 mìlímítà lọ. Ẹ wá fi méjèèjì dábùú láàárín òpó, kí akọ màlúù tó ju 400 kílò lọ fara tì wọ́n: ọ̀pá tó kún yóò tẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ti páìpù. Oparun ti mọ àṣírí yìí kí wẹ́dà tó dáyé.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ wa jẹ ni ìnípọn ara páìpù. Ọlọ́jà á ní mìlímítà mẹ́ta ni, ẹ sì lè má bá méjì níbẹ̀. Ẹ má jiyàn. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: páìpù tí mo sọ yẹn, bó bá gùn ní mítà mẹ́fà, gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí kílò 21. Ní ti ìrísí rẹ̀, onígun mẹ́rin rọrùn fún wẹ́dà láti jó, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ a máa dá egbò sí ẹran lára. Àwọn ará Ọsirélíà, tí màlúù pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ní páìpù kan tó pẹlẹbẹ bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, 115 mìlímítà sí 42. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tí ẹran fi tètè ń rí i, kò sì ní igun tó lè gún un.

"Ó ń dán bíi fàdákà, gafanáísì ni."

Kò dájú. Ọ̀dà sílífà náà ń dán. Ẹ rẹ àkísà sínú tínà, kẹ́ ẹ fi nù ún: ọ̀dà á bá àkísà lọ, síǹkì tí wọ́n fi ń bo gafanáísì ò ní kúrò. Iṣẹ́ síǹkì kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí nǹkan bá ha páìpù tí irin yọjú, síǹkì tó yí ibẹ̀ ká ni yóò máa jẹrà dípò irin, ìdí nìyẹn tí bó ṣe pọ̀ tó fi ṣe pàtàkì. Páìpù tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó ti ní síǹkì tẹ́lẹ̀ ká sábà máa ń ní síǹkì tó nípọn tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 1,000 mìlímítà kan. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ tán kí wọ́n tó rì í sínú síǹkì yíyọ́, tó gbóná tó 450 digiri, a máa ní nǹkan bí 70.

Bí wẹ́dà bá wá fi iná sí èyí tó ti ní síǹkì, síǹkì ojú ibẹ̀ á di èéfín funfun. Ojú ìjórin yẹn ló máa kọ́kọ́ dógùn-ún, àfi kí wọ́n ha á mọ́, kí wọ́n sì fi ọ̀dà onísíǹkì kùn ún. Ọ̀pọ̀ á fọ́n sílífà sí i, wọ́n á gbowó wọn.

"Mílíìkì agolo ló ń pa èéfín náà."

Irọ́ pátápátá. Ibà àti òtútù tó ń mú wẹ́dà lálẹ́ ọjọ́ tó bá fa èéfín yẹn ti ẹ̀dọ̀fóró wọlé. Ọ̀nà ikùn ni mílíìkì ń gbà. Ìta gbangba ni kí wẹ́dà ti ṣiṣẹ́, kó má sì tẹ orí sórí èéfín.

"Irin tó bá ti wọ kọnkéré, ó bọ́ lọ́wọ́ ìdógùn-ún."

Ìdajì òótọ́. Èyí tó wà nínú kọnkéré bọ́ lóòótọ́. Ibi tó ti yọrí jáde ni ikú ń dúró sí. Omi òjò, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù á kóra jọ sídìí òpó, wọn kò ní jẹ́ kó gbẹ. Mo ti rí òpó tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán tí ọmọdé sì ń fi ọwọ́ kan mì ín. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ díẹ̀, kí orí rẹ̀ dagun bíi fìlà kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ dé ẹnu òpó lókè, kí òjò má bàa kún inú rẹ̀. Bí mo bá ní owó díẹ̀ péré láti fi kún iṣẹ́ náà, ìdí òpó ni mo máa ná an sí.

"Màlúù kò gbọ́n, yóò ṣáà máa forí sọ irin."

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n Temple Grandin ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ti ṣàlàyé pé òjìji, aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára irin tàbí ṣéènì tó ń dún lè mú kí màlúù kọ̀ láti rìn. Nítorí náà, ọ̀nà tóóró tí ẹ ti ń gún wọn lábẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi páànù bò, kí wọ́n má rí èrò tó wà níta.

"Ọgbà tó gba màlúù gba ewúrẹ́."

Ẹ bi àǹtí mi kan. Àlàfo tó fi sí ìsàlẹ̀ ọgbà rẹ̀ kì í dá ọmọ ewúrẹ́ dúró, wọ́n ń jáde láàárọ̀, wọ́n ń wọlé nírọ̀lẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Òbúkọ ló ń fìyà jẹ àwọn ará ilé. Orí rẹ̀ ń gba àlàfo náà jáde, ìwo rẹ̀ tó tẹ̀ sẹ́yìn kì í jẹ́ kó gbà á padà. Kí wọ́n tó jẹun alẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó lè fà á yọ.