Ìgbẹ́ gbuuru: Kí ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Niger kọ́ Áfíríkà?

Fún òbí tó ń gbé Maourey, àdúgbò àtijọ́ kan nílùú Niamey, dókítà kò jìnnà tí ọmọ bá ń ṣu gbuuru. Àmọ́ ní àwọn abúlé Niger, omi ara ọmọ ọwọ́ lè gbẹ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi gbé ìwádìí lórí àjẹsára tuntun lọ sí Madarounfa, ní ẹkùn Maradi, lọ́dún 2014.

Kí ni rotavirus ń ṣe nínú ikùn?

Kòkòrò yìí máa ń ba awọ inú ìfun jẹ́. Ìfun kò ní lè fa omi mọ́, gbogbo rẹ̀ á máa bá ìgbẹ́ àti èébì jáde. Oògùn apakòkòrò kò ràn án.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 215,000 ọmọdé ni rotavirus pa lọ́dún 2013. Èyí tó ju ìdajì lọ jẹ́ ọmọ Áfíríkà.

Kí ni wọ́n rí ní Madarounfa?

Epicentre, ẹ̀ka ìwádìí àjọ Médecins Sans Frontières, ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n kán àjẹsára tí wọ́n ṣe ní India sẹ́nu àwọn ọmọ kan nígbà mẹ́ta, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò ní àjẹsára nínú.

Nínú ọmọ 3,508 tí wọ́n ṣírò, 31 ni àìsàn náà mú gidi lára àwọn tó gba àjẹsára. Lára àwọn tí kò gbà á, 87 ni. Èsì náà jáde ní oṣù kẹta ọdún 2017, WHO sì fọwọ́ sí àjẹsára náà lọ́dún 2018.

Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé ó lè fara da ooru fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí fíríìjì. Nǹkan ńlá ni èyí ní orílẹ̀-èdè tí ooru oṣù kẹrin máa ń kọjá 40°C.

Omi ṣì ni olórí ọ̀rọ̀

Ní oṣù kẹrin ọdún 2017 kan náà, ìjọba Niger kéde pé hepatitis E, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú omi ìdọ̀tí wá, ti bẹ́ sílẹ̀ ní Diffa, níbi tí àwọn tó sá fún Boko Haram wà. Èèyàn tó lé ní 30 kú, aboyún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àjẹsára rotavirus kò kan èyí. Omi tó mọ́ àti ilé ìgbẹ́ ló lè dá a dúró.

Kí ni òbí lè ṣe?

Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní àjẹsára rotavirus ní oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ẹ rí i pé ọmọ yín gbà á.

Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ má dá ọmú dúró, ẹ sì tètè fún un ní ORS. Tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ló yá.