Ìrẹ̀, Akọrin Inú Ihò

Àwa gbin ẹ̀pà díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Nígbà tí ó hù tán tí inú wa sì ń dùn, a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a sì rí i pé a ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ìdí, bí ẹni pé ọ̀bẹ ni a fi gé e. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa ni a fi ẹ̀sùn kàn, a sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn sí ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n bàbá àgbẹ̀ kan tí ó ń kọjá lọ fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òkìtì iyanrìn kékeré kan, ó ní, "Ẹ wa ibẹ̀ wò." A wà á, ìrẹ̀ ńlá kan ni a bá nínú ihò, pẹ̀lú ewé ẹ̀pà wa lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tì wá, a sì lọ bẹ aládùúgbò wa.

Ọ̀ràn yìí ni ó mú wa wádìí irú ẹ̀dá tí ìrẹ̀ í ṣe. Nígbà tí Linnaeus, amòye ará ilẹ̀ Swídìnì, ń to àwọn ẹ̀dá sí agbo-agbo nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1758, abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Gryllus, ni ó kó ìrẹ̀, tata àti eéṣú sí. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwo tata àti ti eéṣú kúrú, ẹ̀gbẹ́ ikùn sì ni etí wọn wà. Ìwo ìrẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ẹsẹ̀ iwájú ni etí tirẹ̀ wà, nísàlẹ̀ orúnkún.

Ìrẹ̀ ńlá tí a ń wà jẹ ni àwọn amòye ń pè ní Brachytrupes membranaceus. Ó gùn tó íǹṣì 2. Ìbátan rẹ̀ kan ń bẹ ní ilẹ̀ Éṣíà tí ó ti ń jẹ́ Brachytrupes pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1983 ni a yọ ọ́ kúrò, tí a sì fún un ní orúkọ tuntun, Tarbinskiellus.

Akọ nìkan ni ó ń kọrin, kì í sì í ṣe ẹnu ni ó fi ń kọ ọ́. Eyín wẹ́wẹ́ bí ti ayùn wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ kan, etí ìyẹ́ kejì ni ó sì fi ń ha á. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dúró lẹ́nu ihò láti fi orin náà pe abo. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ kì í di ìdin bí ti labalábá. Ó jọ ìyá rẹ̀, àfi pé kò ní ìyẹ́. A sì máa bọ́ awọ léraléra títí yóò fi dàgbà. Ní òru ni ó ń jáde gé ọ̀gbìn tábà, òwú, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà, tí ó sì ń wọ́ ọ lọ sínú ihò.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí iyanrìn tútù lẹ́bàá ọ̀gbìn rẹ̀, kí ó tètè wà á. Oúnjẹ dídùn ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fọ́n oògùn apakòkòrò sí oko náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹ́, kí a má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà á níbẹ̀.

Àwọn baba wa ní a kì í ru ẹran erin lérí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a kò ru erin, tí ẹ̀pà wa sì ń run, ẹ jẹ́ kí a wa ìrẹ̀ kí a tó bá aládùúgbò jà.